A Kì Í Ka Ọmọ Àkèré

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ní ìlú òyìnbó tó jọ ilé ni àkèré. Wọ́n lẹ páálí kékeré mọ́ ara táǹkì wọn, wọ́n kọ "Nàìjíríà" sí i. Mo dúró níwájú gíláàsì. Àkèré kan dúró nínú omi, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú bí ẹni tó ń retí kí wọ́n wá gba ẹrù lọ́wọ́ òun. Mo kí i. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, òun nìkan ni mo rí tó dúró kí n kí òun tán.

"Ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ti kó àwọn ìyá ńlá wọn wá," ni Piotr sọ fún mi. Ará Póláǹdì ni Piotr, òun ló ń bójú tó àwọn ẹ̀rọ omi níbẹ̀. "Wọ́n fẹ́ràn ooru. Bí omi bá tutù díẹ̀ báyìí, wọn ò ní yé."

Mo bi í pé ṣé wọ́n ní híítà.

"Tọ̀sán tòru."

Híítà ti yàrá tí mo háyà, onílé ló ń tàn án, onílé ló ń pa á, ọwọ́ pípa sì yá a ju títàn lọ. Àwọn àkèré Nàìjíríà wà nínú ooru, oúnjẹ wọn ń dé lásìkò, ìwé wọn pé, ẹnikẹ́ni kì í bi wọ́n pé ìgbà wo ni wọ́n ń padà. Mo pinnu pé ọ̀dọ̀ wọn ni màá máa wà.

Akọ̀ròyìn ni mí kí n tó kúrò nílé. Rédíò ni mo ti ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, ọdún tí mo lò níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Bí mo ṣe rìn dé ìlú òyìnbó kò gba àlàyé: ẹni tó ti rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò tíì rìn ín kò ní gbà mí gbọ́. Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé wọ́n fún mi níṣẹ́ ní láàbù kan ní yunifásítì, kí n máa tọ́jú àkèré, kí n máa kó ẹyin wọn, kí n máa ṣọ́ àwọn ọmọ inú ẹyin náà. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi máa wò mí. Bí mo bá yege, mo dúró. Bí mi ò bá yege, iṣẹ́ lọ, ìwé ìgbélùú lọ, mo di ẹni tó ń wọ́ àpótí kan náà padà sí Ìsíkàn ní Àkúrẹ́, níbi tí wọ́n ti ṣe àdúrà ìdágbére fún mi títí ohùn wọn fi há.

Olórí láàbù náà ni Dókítà Helen. Ó ti tó ìyá mi kékeré lọ́jọ́ orí. Ní ọjọ́ kìíní ó ní kí n má pe òun ní dókítà, kí n má pe òun ní màdáámù, Helen náà ti tó. Mo gbìyànjú. Ọ̀rọ̀ náà dé etí ẹnu mi, ó padà. Fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, mi ò pe orúkọ kankan. Bí mo bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, màá lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, màá wúkọ́. Ó ra lọ́síńjì ikọ́ fún mi.

Ní ọjọ́ kan ó na ike kan sí mi. Kí n tó rántí ibi tí mo wà, mo ti kúnlẹ̀ láti gbà á. Helen wo ilẹ̀, ó gbé ike sórí tábìlì, òun náà kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ wá ilẹ̀ kiri. "Kí ló já bọ́?" ó bi mí.  Mo bá a wá a. Piotr wọlé, ó bá àwa méjèèjì lórí eékún, ó bi wá bóyá àkèré ló jáde. A wá nǹkan tí kò sọnù fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, kí n tó ní mo ti rí i.

Màámi ń gbé ní Oǹdó, obì ló ń tà. Ojúlówó èdè Oǹdó ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Mo tún un sọ níbí ní èdè tí a kọ́ nílé ìwé, torí àwọn ará Àkúrẹ́ tí a jọ ṣiṣẹ́ pàápàá máa ń sọ pé ìdajì rẹ̀ ni àwọn ń gbọ́. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún un, báyìí ló ṣe lọ:

"Àkèré ni mò ń tọ́jú, Màámi."

 Mo ń gbọ́ bó ṣe ń da obì láti inú agbọ̀n kan sí òmíràn.

"O kúrò ní rédíò, níbi tí kọmíṣọ́nà ti ń dá ọ lóhùn, o lọ ń tọ́jú ọ̀pọ̀lọ́."

"Àkèré, Màámi. Ọ̀pọ̀lọ́ kọ́."

"Èwo ló ń wọ súútù nínú àwọn méjèèjì?"

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òun ló pè mí. Inú rẹ̀ dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Mo ti sọ nípa iṣẹ́ rẹ fún ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì."

"Kí lẹ sọ fún wọn?"

"Mo ní ọmọ lò ń tọ́jú."

"Màámi."

"Ṣé wọn kì í ṣe ọmọ ni? Mi ò sọ irú ọmọ tí wọ́n jẹ́, ẹnì kankan kò sì bi mí."

Ohun tí Helen ń wá nínú àwọn ẹyin náà ya èmi lẹ́nu, èmi tí mo rò pé mo ti gbọ́ gbogbo ìròyìn tó wà láyé. Ó fi mí jókòó sídìí awò tí ń sọ kékeré di ńlá. Ẹyin àkèré, ìdajì rẹ̀ dúdú, ìdajì rẹ̀ funfun bí ògì. Bí àtọ̀ bá ti kàn án, á yí ara rẹ̀ padà kí dúdú lè wà lókè. Lẹ́yìn náà, ilà kan á là á láàárín, ó di méjì. Ó di mẹ́rin. Ó di mẹ́jọ. Lójú mi, níbi tí mo jókòó sí.

"Ta ló ń sọ fún un pé kó máa pín?" mo bi í. Ìbéèrè akọ̀ròyìn ni.

Helen ní, "Ìyá rẹ̀." Ó ṣàlàyé pé gbogbo ara abẹ̀mí ló ní jíìnì, ìyẹn àṣẹ tí a jogún, tó ń sọ ohun tí apá kọ̀ọ̀kan máa dà. Ṣùgbọ́n jíìnì ọmọ inú ẹyin kì í tètè sọ̀rọ̀. Ní àwọn wákàtí àkọ́kọ́, ó dákẹ́ lọ lọ lọ. Kí ìyá tó yé ẹyin ló ti di iṣẹ́ tó fẹ́ rán ọmọ sínú rẹ̀: pín, tún pín, má dúró. Iṣẹ́ ìyá yẹn ni ọmọ ń jẹ́, láìsí àròyé. Ó di ìgbà tó bá ti pín dé ìwọ̀n kan kí jíìnì tirẹ̀ tó la ẹnu. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ tí ìyá rán á bẹ̀rẹ̀ sí í parẹ́, ọmọ á máa sọ tẹnu ara rẹ̀.

"Gbogbo iṣẹ́ ìyá ló ń parẹ́?"

"Rárá. Àwọn kan máa ń pẹ́ níbẹ̀ ju bí èèyàn ṣe rò lọ."

Wọ́n ní aró kan tí wọ́n fi ń mọ ibi tí jíìnì ti ń sọ̀rọ̀. Ọmọ tí wọ́n bá fẹ́ fi aró náà wò kì í wà láàyè mọ́, mi ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún yín, mo sì máa ń yí ojú kúrò. Ṣùgbọ́n tí aró bá ti mú, àfi kéèyàn wò ó. Ilà elésè àlùkò kan á gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ibi tí ọ̀pá ẹ̀yìn máa wà. Àmì méjì á yọ síwájú, níbi tí ojú máa wà, nígbà tí ojú kankan kò tíì sí. Mo ronú nípa ara mi. Obìnrin tó ti lé ní ogójì ọdún, tó ń kúnlẹ̀ gba ike, tó ń fi ikọ́ pe ọ̀gá rẹ̀. Bí wọ́n bá da aró yẹn sí mi lára lọ́jọ́ náà, ìyá mi nìkan ni wọ́n ì bá rí níbẹ̀.

Ìṣòro bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Helen ní kí n máa ka àwọn ọmọ náà.

Iṣẹ́ tó rọrùn ni. Láràárọ̀, kí n wo inú àwo, kí n sọ iye ọmọ tó wà níbẹ̀. Lọ́sàn-án, kí n tún wò ó, kí n sọ iye tó kù. Ní tèmi, mo ti ka ọkọ̀ tó forí sọra rí. Mo ti ka ìbò ní gbangba. Mo ti lọ ka àpò sìmẹ́ńtì nídìí afárá tí wọ́n ní àwọn ti kọ́ parí. Ṣùgbọ́n a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nígbà tí a wà ní kékeré ní Oǹdó, àlejò kan dúró lẹ́nu ọ̀nà wa, ó ń fi ìka tọ́ka sí wa níkọ̀ọ̀kan. Màámi fi ara rẹ̀ dí ẹnu ọ̀nà. "Ẹni tó ń kà wọ́n," ó ní, "kí ló fẹ́ yọ nínú wọn?" Àlejò náà kò dúró mu omi.

Mo ti fi irú rẹ̀ ṣe ẹ̀rín rí lórí rédíò, kí n má parọ́. Wọ́n lọ pín àwọ̀n ẹ̀fọn ní Ìpógùn, lẹ́bàá Àkúrẹ́, mo tẹ̀ lé wọn. Òṣìṣẹ́ ìlera bi bàbá kan pé ọmọ mélòó ló ní. Bàbá ní, "A dúpẹ́." Òṣìṣẹ́ tún bi í. Bàbá ní, "Ẹ wo ẹnu ọ̀nà. Gbogbo bàtà tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀, tèmi ni." Mo gbé ohùn rẹ̀ sáfẹ́fẹ́ bó ṣe rí, gbogbo Àkúrẹ́ sì rẹ́rìn-ín.

Ó wá kàn mí. Mo jókòó sídìí àwo, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Mo dé orí ẹẹ́fà, ohùn Màámi dé. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Mi ò dé ẹẹ́rin. Nígbà tí Helen bi mí pé mélòó ni wọ́n, mo ní, "Wọ́n pọ̀, wọ́n sì wà dáadáa."

"Pọ̀ kì í ṣe nọ́ńbà," Helen ní.

Piotr ló gbà mí sílẹ̀. Mo ṣàlàyé fún un, ó ronú, ó ní ìyá ìyá òun lábúlé kò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ka ọmọ adìyẹ tí ò tíì ní ìyẹ́. Láràárọ̀ ó máa ń bá mi yọjú sí àwo náà, á sọ nọ́ńbà, màá lọ jíṣẹ́ fún Helen. A bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí Piotr fi gba ìsinmi lọ ṣe ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Ọjọ́ kejì tí kò sí níbẹ̀, Helen bi mí, mo ní wọ́n pọ̀.

Kò pariwo. Wọn kì í pariwo níbẹ̀. Ohùn tí wọ́n fi ń fi tíì lọ èèyàn náà ni wọ́n fi ń lé e. Ó fi mí jókòó. "Bí mi ò bá mọ iye tó wà láàárọ̀," ó ní, "báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ẹnì kan sọnù lọ́sàn-án? Jíìnì kan wà tí mo fẹ́ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tó bá dákẹ́ nígbà tó yẹ kó sọ̀rọ̀. Ọjọ́bọ̀ la máa kó ẹyin tí a fẹ́ fi wò ó. Bí o ò bá lè fún mi ní nọ́ńbà lọ́jọ́ náà, màá ní láti wá ẹni tó lè fún mi. Ó dùn mí láti sọ ọ́."

Ó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí oṣù mẹ́ta pé.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, mo pe Oǹdó. Kí n tó pe Màámi, ọ̀rọ̀ kan ti wọlé láti ọ̀dọ̀ onílé mi àtijọ́ ní Ìsíkàn, bàbá tí kì í fi èdè Àkúrẹ́ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, tí ilé ń jẹ́ ulé lẹ́nu rẹ̀: kí n má bínú, ṣé màá padà sí ulé láìpẹ́, kó lè mọ̀ bóyá òun á fi yàrá mi fún ẹlòmíràn. Mi ò dá a lóhùn. Ìbéèrè rẹ̀ ló bá mi lójijì, torí mi ò mọ èwo ni ulé mọ́ nínú yàrá tí wọ́n ń pa híítà rẹ̀ àti yàrá tí wọ́n fẹ́ fi fún ẹlòmíràn. Táǹkì àwọn àkèré ni mo rántí.

Mo ro ẹjọ́ mi fún Màámi. Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀.

"Má kà wọ́n."

"Màámi, wọ́n máa lé mi."

"Ẹ̀mí ni wọ́n. Má kà wọ́n."

"Àkèré ni wọ́n."

"Ṣé àkèré kò ní ìyá ni?"

Inú bí mi. Mo bi í bí mo ṣe máa ń bi àwọn òṣèlú tí kò fẹ́ dáhùn. "Màámi, nígbà tí a wà ní kékeré, àwa àti àwọn ọmọ àbúrò bàbá wa àti àwọn ọmọ ará ilé, gbogbo wa nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan. Kí ẹ tó ti ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́, báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé gbogbo wa ti wọlé?"

"Ẹran," ó ní.

"Ẹran báwo?"

"Mo mọ iye ẹran tí mo gé sínú ọbẹ̀. Bí mo bá bu oúnjẹ fún gbogbo yín tán tí ẹran kan ṣẹ́kù sísàlẹ̀ ìkòkò, mo mọ̀ pé ọmọ kan kò tíì wọlé. Màá jáde lọ wá a. Ẹran ni mo ń kà. Mi ò ka ọmọ rí láyé mi." Ó mí kanlẹ̀. "Ìwọ lẹran rẹ máa ń ṣẹ́kù jù."

Ní Ọjọ́bọ̀, mi ò da ẹyin náà pọ̀ sójú kan. A ní irú àwo rọ́bà kan tó ní ihò kéékèèké, ihò mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ẹni tó ṣe é ló kà á, kì í ṣe èmi. Mo fi ọmọ kan sínú ihò kan, òmíràn sínú òmíràn, títí wọ́n fi tán. Helen wọlé. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti múra láti gbọ́ pé wọ́n pọ̀.

"Mélòó ni wọ́n?"

"Ihò méjìlá ló ṣófo."

Ó wo àwo. Ó wò mí. Ó gbé ojú sókè díẹ̀, ó ń ṣe ìṣirò lábẹ́ ẹnu. "Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n nìyẹn," ó ní. "Kí ló dé tí o ò kúkú sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́," mo ní. "Kì í ṣe èmi."

Ó jókòó. Ó ní kí n ṣàlàyé, mo ṣàlàyé: àlejò ẹnu ọ̀nà, bàbá Ìpógùn, ẹran ìsàlẹ̀ ìkòkò. Ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ohun kan náà ni ìyá rẹ àti èmi ń wá." Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí ó ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà.

Ká ní ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, ì bá dára. Àmọ́ ọmọ inú ẹyin kì í dúró. Wọ́n ń pín títí ojú èèyàn kò fi lè rí ààlà mọ́, títí kálukú wọn fi dà bíi bọ́ọ̀lù kékeré tí a fi iyanrìn rọ. Èyí tó bá kú á funfun, á wú. Èèyàn gbọ́dọ̀ tètè yọ ọ́ kúrò, kí ó má ba omi jẹ́. Mo yọ ọ̀kan. Lẹ́yìn náà mo tún yọ òmíràn. Nígbà tó yá, mo wo àwo náà, ihò tó ṣófo ti di mẹ́rìndínlógún.

Mo dúró. Mẹ́rin ti lọ, mo sì mọ̀ pé mẹ́rin ni. Láti ìgbà tí mo ti ń sọ pé wọ́n pọ̀, àwọn kan ti ń lọ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, kò sí ẹni tó jáde lọ wá wọn. Màámi ì bá ti mú ìborùn rẹ̀.

Helen yọ orí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ń kánjú. Àkókò náà ti tó, ó ní jíìnì àwọn ọmọ náà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. "Ihò mélòó?" ó bi mí. Ó ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bi mí.

Mo la ẹnu. "Ọgọ́rin ọmọ ló kù, Helen," ni mo sọ.

Ó ti yí padà kó tó mọ ohun tí mo sọ. Ó dúró síbẹ̀. Èmi náà kò mọ èyí tó ya mí lẹ́nu jù, nọ́ńbà tàbí orúkọ. Ilẹ̀ kò là. Nínú táǹkì, àwọn ará Nàìjíríà ń wò mí, kò sì sí èyí tó sọ nǹkan kan.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ni wọ́n fi aró wò. Àwọn díẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ di légbénlègbé, wọ́n ń sáré kiri nínú omi gbígbóná wọn bí ọmọ ilé ìwé tí aago ìsinmi ti dún fún. Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé, Helen pè mí, ó ní kí n dúró. Ó fi ohùn tíì yẹn náà sọ ọ́, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó tún un sọ, kó lè dá mi lójú pé kì í ṣe pé wọ́n ń lé mi. Mo fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí bàbá Ìsíkàn pé kó fi yàrá fún ẹni tó bá fẹ́. Piotr ti dé, ó gbé kéèkì ìgbéyàwó tó ti gbẹ wá. Mo ra híítà tèmi.

Mo pe Màámi láti fún un ní ìròyìn náà. Ó gbàdúrà, mo ṣe àmín. Ó tún gbàdúrà. Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀, ó súnmọ́ fóònù bí ẹni pé àwọn ará ọjà ń tẹ́tí.

"Ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ń yọ mí lẹ́nu," ó ní. "Wọ́n ní ọmọ tí wọ́n fi lé ọ lọ́wọ́ á mà pọ̀ o. Wọ́n ní kí n bi ọ́. Mélòó ni wọ́n?"

Nọ́ńbà náà wà lẹ́nu mi. Mo ti kà wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, tán pátá, láìwúkọ́.

"Wọ́n pọ̀, Màámi," mo ní. "A dúpẹ́."

Mo gbọ́ tí obì ń dà láti inú agbọ̀n kan sí òmíràn.

"O ṣeun," ó ní. "Ohun tí mo ti sọ fún wọn náà nìyẹn."